Ọwọ́ Àgbà Nígbà Ọyẹ́

Àwọn ará Ìgbómìnà a máa sọ pé ara àdá ni orúkọ wọn ti wá. Ìtàn wọn ní Ògbó, àdá tí Ajagunnlá mú dání nígbà tó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ló ń fi ọ̀nà hàn án títí ó fi tẹ̀dó. Láti inú "Ògbó mọ̀nà" ni orúkọ náà ti jáde. Ohun tí ìtàn náà kì í tẹnu mọ́ ni ọwọ́ tó di àdá náà mú. Àdá kì í dá rìn.

Ìlú ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ni Ìlá Ọ̀ràngún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ sínú ìdílé agbẹ́gilére, ẹni tí àjọ UNESCO bọlá fún ní ọdún 2006, kó tó papòdà ní ọdún 2009. Ọwọ́ ni adẹ́mu fi ń di igbà mú lórí ọ̀pẹ. Ọwọ́ ni obìnrin fi ń hun kíjìpá, òun náà ló fi ń gúnyán. Ṣùgbọ́n ta ní ń bèèrè ohun tí ojú ọwọ́ wọ̀nyí ń rí nígbà tí wọ́n bá darúgbó?

Ìyá àgbà kan wà ní ìlú náà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Elùbọ́ ló tà tó fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni oríkèé ìka rẹ̀ ti ń wú díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbà òjò, ó ṣì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ gbòde, làkúrègbé á dìde. Ní ìdájí, àwọn ìka rẹ̀ á le gbagidi. Kò ní lè ró aṣọ. Kò ní lè ṣí ìdérí ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Á jókòó sí etí ibùsùn, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, títí oòrùn á fi yọ. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pè é láti Èkó, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Àlàáfíà ni. Ẹ má ṣèyọnu."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Ìtìjú ló ń ṣe é. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n máa bá òun so tòbí.

Àwọn aládùúgbò sọ tiwọn. Òmíràn ní ọjọ́ orí ni, kó fara mọ́ ọn. Òmíràn ní ayé ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹnì kan bá a ra oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, oríṣi hóró mẹ́rin tí kò sí orúkọ lára ìkankan. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora lọ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ nù ún kúrò. Ìyá gúnyán fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó sì yin Ọlọ́run. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ wú roboto.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wálé fún ọdún Kérésì ló kọ́kọ́ fura. "Ìyá àgbà, ojú yín wú o." Ìyá ní, "Sísanra ni, ọmọ mi." Ọmọ náà kò gbà. Ó kó ọ̀rá oògùn náà, ó sì mú ìyá lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti là wọ́n lóye. Oògùn stẹ́rọ́ìdì ló wà nínú àwọn hóró náà. Ó máa ń pa ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìtọ́jú dókítà, ó lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kó sì sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù.

Wọ́n tún kọ́ pé oríṣi làkúrègbé kò mọ ní ẹyọ kan. Nínú ọ̀kan, ohun rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun méjì ha ara wọn ló ń jẹ tán. Èyí ló wọ́pọ̀ jù lára àgbà. Nínú òmíràn, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa lé àìsàn, ló yíjú sí oríkèé tí wọ́n ń bá a jà. Ó lè mú ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Bí ọwọ́ méjèèjì bá jọ wú, tí wọ́n ń le láàárọ̀ fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí onítọ̀hún tètè lọ rí dókítà, torí oògùn wà tó ń dá àrùn náà dúró kó tó ba oríkèé jẹ́.

Òtútù kọ́ ló ń dá àrùn yìí sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ló ń jẹ́rìí pé òtútù ń mú un le sí i, torí ara máa ń fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn dé orí ìka dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ooru fi jẹ́ ìtura. Pierre-Auguste Renoir, gbajúgbajà ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, kó lọ sí Cagnes ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1907, níbi tí òtútù kò ti pọ̀, nítorí àrùn yìí. Ìka rẹ̀ ká kò débi pé àwọn ẹlòmíràn ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, ó sì ń yàwòrán títí ó fi kú ní ọdún 1919.

Ìyá àgbà kò nílò láti kó kúrò ní Ìlá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́ kan ni ìtọ́jú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ fi ìgúnpá tọ́ omi náà wò kó má baà bó o, pàápàá bí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń kú. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á máa ká ìka, á máa nà án. Á nù ún gbẹ, á fi òrí pa á, á sì wọ ìbọ̀wọ́, tàbí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé orí rẹ̀. Súwẹ́tà àti fìlà náà ṣe pàtàkì, nítorí bí àyà àti orí bá tutù, ọwọ́ kò lè móoru. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá wú tó sì ń gbóná fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fi ooru kún un. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ààrò eléèédú sínú yàrá tí wọ́n tì pa. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn sójú oorun.

Kí ọmọ-ọmọ náà tó padà sí ẹnu ẹ̀kọ́, ó bẹ ọmọbìnrin kékeré kan ní ojúlé kejì pé kó máa gbé omi gbígbóná wá láràárọ̀, kó sì bá ìyá ṣí ike oògùn. Ìyá kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: bí ọwọ́ òun bá ti nà tán, òun yóò máa kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ti ń ṣírò owó elùbọ́ àti bí wọ́n ti ń mọ ojúlówó rẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá ní àgbà nílé, kó má ṣe gba "àlàáfíà ni" gbọ́ lórí fóònù nígbà ọyẹ́. Kó bèèrè ẹni tó bá a ṣí ike oògùn láàárọ̀.