Bàbá Nico

Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí rí á ti gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan ń mu igbó, tàbí kó tiẹ̀ ti kọjá igbó, kó máa fa kokéènì símú. Bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ títí. Àwọn àgbà wá pé jọ, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, ibi tí wọ́n sì máa ń fàbọ̀ sí kì í yí padà: ẹ fún un níyàwó. Bó bá ti gbé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, orí rẹ̀ á wálé. Ìmọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi yẹ̀ wò, àwo orin rọ́ọ̀kì kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 ni mo sì fẹ́ fi ṣe é. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Soup lorúkọ àwo orin náà, Blind Melon lorúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lára wa, orin kan ṣoṣo ló fi mọ̀ wọ́n: “No Rain”, tí ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú fídíò rẹ̀, tó wọ aṣọ oyin, tó de awò mójú, tó ń jó kiri káwọn èèyàn lè rí tirẹ̀ rò. Ní 1993, kò sí bí èèyàn ṣe máa tan tẹlifíṣọ̀n olórin tí kò ní bá oyin yẹn pàdé. Àwo àkọ́kọ́ wọn, tó jáde ní 1992, tà tó mílíọ̀nù 4 ní Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà tí Soup wá dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, oyin míràn làwọn èèyàn ń retí. Ohun tó kọ́kọ́ bá wọn létí ni fèrè idẹ, irú èyí tí wọ́n ń fọn tẹ̀lé òkú ní New Orleans. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orin lórí ilé ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, orin lórí obìnrin kan tó bẹ́ sílẹ̀ láti orí ilé gíga ní Detroit, orin lórí ìyá tó pa ọmọ rẹ̀. Àwọn aláríwísí bẹnu àtẹ́ lù ú. Ipò 28 ló gùn dé lórí àtẹ Billboard, ó sì tètè já wálẹ̀. Oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn tó jáde ni akọrin wọn kú, ni kálukú bá pa ìwé rẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ń ka àwo orin ńláńlá ìgbà náà lónìí, wọ́n á dárúkọ Nirvana, wọ́n á dárúkọ Pearl Jam àti Radiohead, ẹnu wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ Soup. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ ni. Nínú gbogbo àwo orin ìgbà yẹn tí mo mọ̀, mi ò rí èyí tí ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ kún inú rẹ̀ tó o.

Shannon Hoon ni akọrin náà. Ọmọ Lafayette ni, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ìlú tí Axl Rose ti Guns N' Roses ti wá. Òun ló tilẹ̀ ń bá Axl gbe “Don't Cry”. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń ha díẹ̀, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Wàhálà rẹ̀ ò sì mọ níwọ̀n. Ní 1993, ọlọ́pàá mú un ní Vancouver nítorí pé ó bọ́ra sí ìhòòhò lórí ìtàgé. Ọdún yẹn náà ni gbogbo ẹgbẹ́ tún bọ́ra fún ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Rolling Stone. (Kí ẹ tó bá mi jà, mi ò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni kọ́ ìyẹn.) Kokéènì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ilé ńlá kan ní New Orleans, Kingsway, tí Daniel Lanois sọ di ibi ìgborinsílẹ̀, ni wọ́n ti ṣe Soup. Andy Wallace ló bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń bá oògùn olóró jà, ìlú tí kì í sùn ni wọ́n gbé e lọ. Láàárín àkókò yẹn ni ìyá ọmọ rẹ̀ lóyún. Oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Nico Blue. Kí n kúkú máa pè é ní Bàbá Nico láti ìsinsìnyí lọ, bí àwa náà ṣe ń pe ara wa.

Orin tó ń fà mí padà sídìí àwo yìí ni “New Life”. Bàbá Nico ti kọ ọ́ kí ọmọ tó dé ayé. Ká ní olórin tiwa ni, ìdúpẹ́ ni ì bá fi ṣe: ọmọ dé, ayọ̀ dé, ìyà tán. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wádìí ni pé bí òun bá wojú ọmọ yìí, ṣé ẹ̀mí òun náà á dọ̀tun? Ó béèrè ni o. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà mọ ara rẹ̀ ju bí ẹbí ṣe máa ń mọ irú rẹ̀ lọ.

Mo ti rí bàbá tuntun tí irú ìbéèrè yẹn wà lójú rẹ̀, lọ́jọ́ ìkómọ. Wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu, àwọn àlejò ń da owó sínú abọ́ omi bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ, bàbá ọmọ fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lára ìgò mínírà. Gbogbo èèyàn ń kí i kú oríire. Ìyá rẹ̀ fi etí gèlè nu òógùn lójú rẹ̀, ó ní: “Ó ti tán o, o ti di bàbá.” Kò tán.

“Car Seat” ló le jù nínú àwo náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, ní ìlú Union ní South Carolina, obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Smith jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yí wọ inú adágún omi, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ àga wọn lẹ́yìn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 3, èkejì jẹ́ ọmọ oṣù 14. Ó lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ló fipá gba ọkọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ tòun tàwọn ọmọ. Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi wá ọkùnrin tí kò sí láyé kó tó jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, ẹ ro ọjọ́ 9 yẹn wò. Orin náà kò bú obìnrin yìí, kò sì gbè é. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ló jókòó sí, lórí àga ẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, abiyamọ bíi tèmi, ní irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ ilé tí ìkókó wà. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ wí nípa Olúrónbí, obìnrin tó fi ọmọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò? Àwa kan náà la ń pa àlọ́ yẹn fún ọmọ, tí wọ́n ń gbe orin rẹ̀, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ní ti “Skinned”, orin míràn nínú àwo náà, mo gbà fún un. Ed Gein, apààyàn ará Wisconsin tó fi awọ òkú ṣe ohun èlò ilé, ni wọ́n fi orin yẹn ṣẹ̀fẹ̀, pẹ̀lú bánjò àti fèrè ìṣeré ọmọdé. Mo máa ń fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ “Vernie”, tí Bàbá Nico kọ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Kò sẹ́ni tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà tí kò ní mọ ohun tó ń sọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1995, wọ́n bá Bàbá Nico nínú bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ náà fi ń rìnrìn àjò, ní New Orleans kan náà tí wọ́n ti ṣe àwo orin náà. Ó ti kú. Kokéènì ló pa á. Ẹni ọdún 28 ni. Nico kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Láti 1990 ló ti ń gbé kámẹ́rà fídíò kiri, tó ń ya ara rẹ̀, tó ń ya ará ilé, tó ń ya yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kó àwọn fídíò náà jọ ṣe fíìmù kan tó jáde ní 2019, All I Can Say. Ọjọ́ tí wọ́n bí Nico wà níbẹ̀. Ìfẹ́ wà lójú ọkùnrin náà débi pé ó máa ń ṣòro fún mi láti wò ó tán. Ó sì ti gba ìtọ́jú rí. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ló fi kọ “2 X 4”. Ṣùgbọ́n àwo tuntun ti jáde, iléeṣẹ́ tó náwó sí i fẹ́ kó tà, bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹ tún wo ohun tí ìkókó máa ń mú wọlé: àìsùn, ìnáwó, ìbẹ̀rù pé bóyá èèyàn ò ní lè ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ́ pé kokéènì ni ń gbé òun dìde, ìgbà wo ló tún máa wá a ju ìgbà yẹn lọ? Ní 1996, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ kó orin tó fi sílẹ̀ jọ, wọ́n sọ àwo náà ní Nico. Orin tó ń jẹ́ “Soup” gan-an, inú àwo yẹn ló wà. Wọ́n ya nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn olórin tí oògùn olóró dè mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn tó ń san owó ìmọ̀ràn wa. Ọmọ ọlọ́mọ la lọ ń tọrọ, tí a di ẹrù ìdána fún, tí a kò sọ fún un pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì la mú un wá ṣe. Ìkókó náà, kí eyín rẹ̀ tó hù, a ti fi jẹ dókítà bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá tún padà sídìí nǹkan náà, a ó ní ìyàwó ló lórí burúkú, tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ni kò dára. Kì í sì í ṣe pé kò síbi tí a lè gbé ọmọ lọ. Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, wà l'Ábẹ́òkúta láti ọdún 1954, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti ní kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí rẹ̀ kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n sì ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró mú níbẹ̀. Àwa la sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú. Ìtìjú pé wọ́n rí ọmọ wa l'Árò ló ń jẹ́ ká sáré lọ yan aṣọ ẹbí.

Láyé àwọn ìyá wa, alárinà kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbé lẹ́tà kiri. Ó ń ṣèwádìí, ẹni tí wọ́n bá bi léèrè kì í sì í purọ́. Láìpẹ́ yìí, ìyá kan wá bá mi pé kí n bá òun sọ òótọ́ nípa ọmọ ilé kejì tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Mo ní ọmọ náà lójú àánú, ó mọṣẹ́, ó sì ń fa nǹkan símú. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ gba ìtọ́jú ná. Wọ́n sún ìdána síwájú. Àwọn òbí ọmọ náà kì í kí mi mọ́. Bí mo bá kí wọn lójúde, ọmọ náà nìkan ló ń dáhùn.