Etí Ni Ọ̀gá Mi Kọ́kọ́ Fi Ń Wo Kọ̀ǹpútà

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti mọ̀ pé prósẹ́sọ̀ Intel tí lẹ́tà K bá wà nídìí orúkọ rẹ̀, èèyàn lè wọ inú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, kó fi kún eré rẹ̀ ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde lọ. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé Dell OptiPlex tòkunbọ̀ tó kún àwọn ọ̀fíìsì kò gba irú ẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣáájú BIOS, ìyẹn yíyẹ ooru àti ariwo ẹ̀rọ wò, ni wọn kì í fẹ́ gbọ́, ìdí ẹ̀ gan-an sì ni ọ̀gá mi ní Olódò, n'Ìbàdàn, fi mí sí títí ó fi sú mi.

Páànù gbígbóná ni òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ̀rọ ìlọta sì wà ní ojúlé kejì. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká yẹ ooru kọ̀ǹpútà wò láàárọ̀. "Àárọ̀ ọyẹ́ á purọ́ fún ẹ," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, "aago méjì ọ̀sán ni kó o tàn án." Orí ooru yàrá ni ooru prósẹ́sọ̀ ń gùn. Èyí tó dúró sí 80°C nígbà tí yàrá wà ní 22°C á sún mọ́ 92°C lóṣù Kẹta, tí yàrá bá ti di 34°C. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì la máa ń kọ sínú ìwé, ti yàrá àti ti prósẹ́sọ̀. Àlàfo àárín wọn ni ọ̀gá ń wò.

Kọ̀ǹpútà tó jókòó lásán kò lè sọ nǹkan kan fúnni. Prime95 la fi ń fún un níṣẹ́. George Woltman, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é láti ọdún 1996 fún àwọn tó ń wá àwọn nọ́ńbà ràbàtà tí nọ́ńbà mìíràn, yàtọ̀ sí 1, kò lè pín dọ́gba. Iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún. Àwa sọ ọ́ di iná tí a ń dá sábẹ́ prósẹ́sọ̀. Bí ooru bá fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kúlà tó ń mú prósẹ́sọ̀ tutù kò jókòó dáadáa nìyẹn: bóyá péèsì abẹ́ ẹ̀ tó ń gbé ooru dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbẹ, tàbí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ oníke mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ti yọ nínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn, tó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eruku tàbí àìrí atẹ́gùn ló fà á. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà ju gbogbo ìyókù lọ.

Ariwo ló wá le. Jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ fáànù, ẹlẹ́rọ ata náà kì í sì í bojú wẹ̀yìn. A máa ń dúró kó pa ẹ̀rọ, ká wá fi ínfátà tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá á fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara férémù fáànù, á fi ìdí ẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí. Bó bá ń dún fùùù, atẹ́gùn ni. Bó bá ń dún tatata, wáyà kan ló ń kan apá fáànù tó ń yí. Èyí tó ń dún kẹrẹkẹrẹ ni bíárìn rẹ̀ ti ń kú lọ, ẹ má fi kún eré ẹ̀rọ tó bá ń dún bẹ́ẹ̀. Èmi kò tètè mọ kẹrẹkẹrẹ yàtọ̀ sí fùùù. Àfìgbà tó kó fáànù ògbólógbòó kan jọ, tó ní kí n máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó gbé Core i7-4790K wá, irú tó jáde ní 2014. Kúlà kékeré ló wà lórí ẹ̀. Ó fẹ́ ká sún un dé 4.6 GHz. A tan Prime95: 100°C kíá, tíí ṣe òpin tí prósẹ́sọ̀ náà lè gbà, ló bá ń dín eré ara rẹ̀ kù láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tó ń wá eré kò mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ti ń fi bíréèkì sáré. A fẹ́ eruku dànù, a pa péèsì tuntun, a tẹ ẹsẹ̀ kúlà wọlé, ó dún kọ́. Ó wá dúró sí 88°C pẹ̀lú 4.2 GHz, nínú yàrá 34°C.

Ọ̀gá ní kí n ṣírò ibi tí 4.6 máa gbé ooru dé. Ooru ń bá eré pọ̀ sí i, àmọ́ fóltéèjì ni olórí ẹ̀, ìlọ́po ara rẹ̀ ló fi ń wọlé. Láti 4.2 lọ sí 4.6, eré kò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ṣùgbọ́n bí fóltéèjì bá ti 1.2 kúrò di 1.3 pẹ̀lú eré yẹn, ooru á fi nǹkan bí 28 nínú 100 lé. Àlàfo 54 á di 69, ká wá ro 34 yàrá mọ́ ọn: 103°C. Kúlà yẹn kò lè gbé e.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì fi nǹkan kan kún un, ẹ wá ń bèèrè owó," ni oníbàárà náà wí.

"Àbúrò, gbé fídíò tó ń dà ẹ́ láàmú yẹn sí i ná."

Ó gbé e sí i. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi parí, ó sì mọ̀. Síbẹ̀, ó ní ìdajì lòun máa san. Ọ̀gá ní péèsì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n ná an títí, ó san èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ó ní òun á mú ìyókù bọ̀ pẹ̀lú kúlà ńlá tí òun fẹ́ lọ rà ní ọjà Queen Cinema.