Kókó Ọrùn Láti Ayétòrò

Ọmọ Ìlaró ni mí, ní ilẹ̀ Yewa tí Ayétòrò náà wà. Ọjọ́ tí mo rí "Ayétòrò" lára ìgò kékeré kan ní láàbù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, orí mi wú. Kókó ọrùn ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kókó náà ti wú. Wọ́n lo àgbo títí, kò lọ.

Mo la ẹran náà, mo rì í sínú ìda, mo fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdá 4 nínú 1,000 mìlímítà kan. Lẹ́yìn náà ni mo rẹ ẹ́ láró. Ara igi kan ní Mexico ni wọ́n ti ń rí aró yìí, bí àwa náà ṣe ń fún tiwa lára ẹlú.

Ojú maikirosikóòpù tó ń fẹ nǹkan jù lọ ni mo sáré yí sí. Mo rí sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan, kóró inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àyà mi já. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Hodgkin ni, jẹjẹrẹ tí Thomas Hodgkin ṣàlàyé ní Ìlú Ọba lọ́dún 1832.

Ọ̀gá mi kà á. "Ìwọ ọmọ Yewa yìí, o ò tíì rí ìlú, o ti wọ yàrá."

Wọ́n yí i padà sí ojú tó kéré jù. Àárín kókó náà ti kú, sẹ́ẹ̀lì yí i ká. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé nígbà tí mo là á, inú rẹ̀ funfun, ó ń rún bíi wàrà Fúlàní, mi ò sì bi ara mi pé kí ló fà á. Sẹ́ẹ̀lì ràgàjì mi ńkọ́? Kóró rẹ̀ tò sétí bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí kò pàdé. Ti Hodgkin, ojú òwìwí ni, méjì, tó ranjú mọ́ni.

A tún rẹ ègé kókó náà mìíràn ní aró pupa tí kòkòrò ikọ́ ife kì í tú sílẹ̀ bí a tilẹ̀ fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Wákàtí kan gbáko ni mo fi wá a kí n tó rí ẹyọ mẹ́ta, tín-ín-rín. Ikọ́ ife ni, ọmọ tí kò wúkọ́ rí! Oògùn oṣù 6 ni, ìjọba kì í gbowó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé kókó ní Yewa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á sí méjì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ fi ààbọ̀ kan sínú fọ́málìn tó tó ìlọ́po 10 rẹ̀, kí ẹ fi èkejì sínú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn. Fọ́málìn ń pa kòkòrò, òkú kòkòrò kò sì lè hù ní láàbù.