Ẹ Má Sọ Pé “Bó Ṣe Wà Láti Kékeré Nìyẹn”

Ilé tó ní ọmọ tí òye rẹ̀ kò yára, tí ọmọ náà sì ti di àgbà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Àbúrò mi ọkùnrin ní Down syndrome. Ìyànà Ìpájà níbí ló gbé dàgbà, ó ti di ẹni ọdún 49. Kò kàwé púpọ̀, àmọ́ òun ló ń to búrẹ́dì sórí tábìlì ìyá wa láràárọ̀. Á dá lọ sí ibùdókọ̀, á sì dá padà wálé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ó ń jí lóru, ó ń di ẹrù. Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín di onínúfùfù. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní, “Ṣebí bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó mọ ọ̀nà ilé fún ọdún 30, tó wá sọ ọ́ nù, kì í ṣe bó ṣe wà nìyẹn. Àìsàn ni.

Ohun tó fà á nìyí. Chromosome 21 jẹ́ méjì lára wa; tiwọn jẹ́ mẹ́ta. Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn ní Paris lọ́dún 1959. Ibẹ̀ ni èròjà amyloid ti ń wá, èyí tó máa ń dì sínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer. Nígbà tí wọ́n bá fi pé ẹni ọdún 40, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ọpọlọ gbogbo wọn. Ìgbàgbé fúnra rẹ̀ sábà máa ń hàn lẹ́yìn ọdún 50.

Ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà nínú rẹ̀, fi hàn pé nínú àgbà Yorùbá 100 tó ti pé ẹni ọdún 65, bí ẹnì kan ló ń bẹ̀rẹ̀ àrùn ìgbàgbé lọ́dún kan. Ti àwọn Adúláwọ̀ Indianapolis lé ní mẹ́ta. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ẹ má fi í tu ara yín nínú: ti àwọn ọmọ wa kì í dúró di ọdún 65.

Ẹ má sì sáré pè é ní ìgbàgbé. Ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, etí tó dí, ojú tó ń ṣú, tàbí ìbànújẹ́ lè mú irú ìyípadà yìí wá, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò kò jìnnà. Ti àbúrò mi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé thyroid rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Oògùn dá oorun rẹ̀ padà; kò dá ọ̀nà ilé padà.

Bí dókítà bá bi í pé ọdún wo la wà, kò ní mọ̀. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ara rẹ̀ ti àná ni ká máa fi í wé. Tó bá ti pé ẹni ọdún 35, ẹ kọ ohun tó lè dá ṣe sínú ìwé: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, orúkọ tó mọ̀, ọ̀nà tó lè dá rìn. Ẹ tún un kọ lọ́dọọdún, kí ẹ mú un lọ fún dókítà.

Nílé, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí àpò rẹ̀. Bí wárápá bá dé, àìsàn yìí lè fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀.

Ìyá wa ti lé ní ọdún 75. A ti pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàrin àwa ọmọ. Ẹ̀yin náà, ẹ pín in kí ó tó rẹ ìyá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.