Etí Pákó Ni Iṣẹ́ Wà

Lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, Ìkìrun ni èèyàn máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìnísà, kó tó dé Òkukù. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ìnísà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n kò kúrò ní agbègbè náà rí. Ìrókò àti àfàrà ló fi di ọ̀gá. Àbúrò ti Lọ́ńdọ̀nù dé, níbi tó ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù sára ògiri fún àwọn onílé. Ó fẹ́ kí àwọn jọ máa fi MDF kan tábìlì àti ṣẹ́ẹ̀fù ìwé tà.

Ẹ̀GBỌ́N: Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ohun tí o gbé wá yìí. Mo fi èékánná ha á, mo gbóòórùn rẹ̀. Àbúrò mi, páálí ni. Páálí tó nípọn ni.

ÀBÚRÒ: Igi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lọ igi títí ó fi di fọ́nrán, wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n wá fi ooru àti ẹ̀rọ tó lágbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Deposit, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún títà, ní àárín àwọn ọdún 1960.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó ti lọ ẹ̀gúsí kúnná kò tún lè pè é ní bàrà mọ́. Ẹ ti lọ igi tán, ẹ wá ní igi ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àǹfààní tó wà nínú lílọ̀ náà. Ìrókò ní ìlà, ó ní kókó. Ọyẹ́ dé, ó súnkì. Òjò dé, ó wú. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ kàn nínú ọyẹ́, ṣé kì í há nígbà òjò?

Ẹ̀GBỌ́N: A máa há. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Bí àyè ò bá tó, ìfági wà.

ÀBÚRÒ: MDF kò ní ìlà, kò sì ní kókó. Bí omi ò bá kàn án, ìwọ̀n tí ẹ bá gé e lẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a títí ọdún á fi yípo. Odindi rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó gùn ní mẹ́jọ. Ta ló lè rí ìrókò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní sọ́míìlì lónìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, bí mo bá rí i, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ìrókò la fi ń kan bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá fẹ́ pláíwúùdù, èyí tó ti Sapele wá là ń bèèrè, láti ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood tí UAC dá sílẹ̀. Nísinsìnyí, igi tútù ni wọ́n ń là fún wa. O gbé e sínú ilé, kí oṣù tó pé, ó ti lọ́. Mo gbà fún ọ níbẹ̀ yẹn. Ó yá, sọ ti ikán fún mi.

ÀBÚRÒ: Ikán ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ń jẹ ẹ́ kẹ̀? Àsè ló tẹ́ fún un! Àpótí ìrókò tí bàbá wa kàn, ikán rìn yí i ká títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwọ ti pẹ́ níbi tí kò sí ikán, o ti gbàgbé. Omi náà ńkọ́? Níbí, à ń da omi sílẹ̀ fọ yàrá ni. Omi á dúró sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù títí yóò fi gbẹ. Mo rí ọ̀kan nílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Òkukù. Ìdí rẹ̀ ti wú, ó ti là, ó ń yọ fọ́nrán.

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹni tó kàn án fi ẹsẹ̀ sí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò fi ẹsẹ̀ kankan sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló gbé lélẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ṣé ó kun abẹ́ rẹ̀ lọ́dà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń kun ibi tí ojú ò rí?

ÀBÚRÒ: Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n ń tẹ MDF, ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń le jù. Àárín kì í le tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fi ayùn là á, àárín yẹn ló yọjú sí etí. Ẹ kun ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà dúró. Ẹ kun etí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tí ẹ ó rí. Ó ti mu ún tán. Bó ṣe ń mu ọ̀dà ló ṣe ń mu omi. Etí pákó ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lẹ wá ń ṣe sí etí ọ̀hún?

ÀBÚRÒ: Sáńpépà la kọ́kọ́ ń mú, nọ́ńbà 180. A ó wé e mọ́ ègé igi kí ọwọ́ má baà mú kí etí yí. A ó fi pa ẹnu igun rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀dà kì í dúró lórí igun tó mú. Lẹ́yìn náà, a ó fi sanding sealer kun etí nìkan. Bí kò bá sí, a lè fi omi la gọ́ọ̀mù Top Bond, ká fi ìyẹn pa á. Bó bá gbẹ, fọ́nrán á dìde, etí á máa họ ọwọ́. Ẹ má fòyà. Sáńpépà 240 ló kàn. A ó tún kun ún, a ó tún fi sáńpépà ra á. Ìgbà tí ẹ bá dijú, tí ẹ fi ìka ra etí àti ojú, tí ẹ ò mọ ìyàtọ̀, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo iṣẹ́ yìí lórí etí nìkan? Àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà ní bọ́dì fílà. Wọ́n ń po ó mọ́ èyí tó ń mú un gan, kí o tó yíjú padà ó ti le. Bí wọ́n bá fà á sí etí yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé kò ní dí i?

ÀBÚRÒ: Yóò dí i dáadáa. Àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Kí ẹ sáà po ìwọ̀nba tí ẹ máa lò, kó má baà gan sínú agolo.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀dà wo ló wá kàn?

ÀBÚRÒ: Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó jẹ́ olóròóró. Èyí tí a fi omi po máa ń jí fọ́nrán dìde, ìyẹn ni a kò fi fi í ṣáájú. Bí ìpìlẹ̀ bá gbẹ, a ó fi sáńpépà 320 ra á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, a ó nu eruku rẹ̀, ká tó wá kun ọ̀dà tó ń dán lẹ́ẹ̀mejì. Ojú, ẹ̀yìn, abẹ́, inú, gbogbo rẹ̀ la ó kùn. Bí ọ̀dà bá wà lójú tí kò sí lẹ́yìn, ọ̀rinrin á gba ẹ̀yìn wọlé, pákó á tẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Fínfín ni tàbí kíkùn?

ÀBÚRÒ: Fínfín ló ń dán jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Iná mànàmáná dà? Jẹnẹrétọ̀ ló máa gbé kọ̀ńpírẹ́sọ̀, o sì mọ ohun tí epo bẹntiróòlù dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní 2023. Ó tún ní ìgbà tí a ń fín nǹkan. Bí o bá fín lacquer nígbà tí òjò ṣú, ojú rẹ̀ á funfun. Bí o bá fín in níta nínú ọyẹ́, eruku á bá ọ parí iṣẹ́. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

ÀBÚRÒ: Wọn ò kọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká fi róólà fóòmù kùn ún nígbà náà. Bí ìpìlẹ̀ bá dáa, èèyàn ò ní mọ̀ pé a kò fín in.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìṣó ńkọ́? Mo kàn án sí etí àjákù tó wà nílẹ̀ yẹn, ó là pàrà.

ÀBÚRÒ: Etí rẹ̀ kò fẹ́ ìṣó. Sukúrúù ni, a ó sì kọ́kọ́ fi dírílù lu ihò fún un. Sukúrúù tó nípọn tó mílímítà mẹ́rin, ihò mílímítà mẹ́ta. Kó má sún mọ́ igun. Top Bond á wà láàárín. Bí a bá sì fẹ́ ohun tí èèyàn lè tú kó lọ, bóòtù àti nọ́ọ̀tì la ó lò, nítorí bí a bá ń tú sukúrúù tí a tún ń dè é, ihò á ṣò.

Ẹ̀GBỌ́N: Bóòtù la fi ń de bẹ́ẹ̀dì níbí tipẹ́. Ta ni o fẹ́ tà á fún?

ÀBÚRÒ: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 2006, ọgbà rẹ̀ wà ní Òṣogbo, ó wà ní Òkukù. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ tábìlì ìkàwé, ó ń fẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, ó sì lè kó kúrò lọ́dún tó ń bọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ka àga àti tábìlì òkè òkun mọ́ ohun tí kọ́sítọ̀mù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Ọjà wà fún wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Tábìlì kò gbọ́dọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ nínú pákó tí o fẹ́ fi kàn án ti ń bọ̀. Dọ́là gòkè, pákó gòkè. Báwo ló ṣe wúwo tó?

ÀBÚRÒ: Èyí tó nípọn ní mílímítà 18 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 40.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀kadà ò lè gbé e láti Òṣogbo. Orí bọ́ọ̀sì ni, kí òjò sì má rọ̀.

ÀBÚRÒ: A lè jẹ́ kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tí a ti rà á, ká fi ọ̀rá wé e. Ìyẹn á dín eruku kù fún wa pẹ̀lú. Eruku rẹ̀ kúnná, ó sì ń bá èèyàn dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Formaldehyde wà nínú gọ́ọ̀mù rẹ̀, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kà á ní 2004 mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹ ó máa bo imú. Ìta la ó ti máa gé e, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ò sì ní gbá a nígbẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìrókò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ imú. Tí mo bá fá a, ojú á máa yún mi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

ÀBÚRÒ: Eruku igi pàápàá, wọ́n ti kà á mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀ láti 1995. Ìbòmú tọ́ sí yín lórí ìrókò bákan náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ MDF yìí ná?

ÀBÚRÒ: Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fi í ṣe gbogbo nǹkan. Ní 1996, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Changing Rooms. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń tún yàrá ṣe, MDF ni wọ́n sì ń gé ṣáá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ méjì! Ọdún mélòó ló lò?

ÀBÚRÒ: Wọn ò fi ìyẹn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn gan-an ni èmi fẹ́ kí wọ́n fi hàn. Gbọ́ tèmi. Kò sí èyí tó máa jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí tí etí MDF rẹ̀ á kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ìrókò ni n ó fi sí i, íńṣì mẹ́ta, kí omi àti ìgbálẹ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ikán tó bá ń gòkè sì hàn sójú kó tó débi pákó.

ÀBÚRÒ: Ìyẹn dáa ju ẹsẹ̀ oníke tí mo rò lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ńkọ́? Ìwé wúwo.

ÀBÚRÒ: Mílímítà 18, kí àyè àárín ìdúró méjì má ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò tẹ̀ bó pẹ́ bó yá.

Ẹ̀GBỌ́N: N ó fi ọ̀pá àfàrà gbe etí iwájú rẹ̀. Ọ̀pá náà á bá ọ bo etí kan, o ò ní kun ìyẹn. Ṣùgbọ́n a ò ní fi MDF kan bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, a ò ní gbé e sábẹ́ síǹkì ilé ìdáná.

ÀBÚRÒ: Oríṣi kan wà tí wọ́n pa láwọ̀ ewé, tó ń fara da ọ̀rinrin.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó lè jókòó sínú omi?

ÀBÚRÒ: Kò lè ṣe é.

Ẹ̀GBỌ́N: Ǹjẹ́ kó má dé ibẹ̀. Oníbàárà sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà kó tó sanwó.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọ̀dà bá ti bò ó, ta ló ń bèèrè? Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í bèèrè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ní Lọ́ńdọ̀nù, o gba owó, o wọ bọ́ọ̀sì lọ. Èmi, oníbàárà mi ló ń jókòó tì mí níbi ìsọmọlórúkọ. Tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá wú, ibẹ̀ ni yóò ti bi mí, lójú àna mi. Kọ ọ́ sórí rìsíìtì: MDF ni, ẹsẹ̀ ìrókò ni, má ṣe jẹ́ kí omi dúró sí i.

ÀBÚRÒ: Owó rẹ̀ á dínkù bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ ò kúkú ní owó ìrókò. Gba sáńpépà. Èmi ń lọ gé ẹsẹ̀. Ìwọ tí o mọ etí, jókòó ti etí.