Nígbà Tí Ayára-bí-Àṣá Di Ìgbín

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni àwa Yorùbá ń pe kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà ní pálọ̀ bàbá mi ní Òṣogbo kò bá orúkọ yẹn mu mọ́ nígbà tí mo dé ilé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Bí a bá tàn án, màmá mi á gbé omi kaná, wọ́n á po ògì, a ó mu ògì náà tán, ẹ̀rọ ò ní tíì ṣe tán. Mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ kan: ìṣẹ́jú 11.

Tòkunbọ̀ ni bàbá mi rà á lọ́dún 2004, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe olùkọ́. Pentium 4 ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 256 MB, Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ká gbé e sọnù. Bàbá mi kọ̀. Inú rẹ̀ ni oríkì ìdílé wa wà, ojú ìwé 14, èyí tí ìyá wọn kì fún wọn kó tó di pé màmá papò dà, tí wọ́n sì fi ìka méjì tẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Nígbà tí mo ka fáìlì náà, mo rí ìṣòro mìíràn. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. "Oko" ni mo rí níbẹ̀. Ṣé oko tí a ń ro ni, àbí ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọ̀kọ̀ ogun? Bàbá mi nìkan ló kù tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, wọ́n sì ti pé ọdún 74.

Mo ní ká gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò mọ ìyẹn. Èyí tí mo fi tẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ fi tún un ṣe." Ó wá di dandan kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da gbogbo fáìlì wọn sórí fláàṣì méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tẹ msconfig láti wo àwọn ètò tó máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Wọ́n jẹ́ 23! Ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́ tipẹ́. Antivirus méjì ló wà níbẹ̀, tí ohun tí ọ̀kan bá ṣí, èkejì á tún máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ ọ̀kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí fláàṣì, mo sì ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù máa sùn títí a ó fi pè wọ́n.

Mo pa òjìji àti ọ̀ṣọ́ ojú Windows náà. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Ta ló bọ́ṣọ lára rẹ̀?" Àmọ́ ó fúyẹ́.

Hard disk ló kàn. Ó ti kún dẹ́múdẹ́mú. Àwo tó ń yí ni irú hard disk yẹn, tí fáìlì kan bá sì fọ́n káàkiri orí rẹ̀, ẹ̀rọ á máa sáré kó o jọ. Disk Defragmenter ló ń tò wọ́n padà, ṣùgbọ́n ti XP ń fẹ́ kí ìdá 15 nínú 100 ṣófo kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mo pa sinimá àgbéléwò tí àbúrò mi kó síbẹ̀ rẹ́, mo gbá pàǹtírí jáde, mo sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìṣẹ́jú 11 di 5.

Ó ku RAM. RAM dà bíi tábìlì iṣẹ́, hard disk sì dà bí àká. Bí tábìlì bá kéré, ẹ̀rọ á máa lọ sí àká lọ bọ̀, ibẹ̀ sì ni àkókò ń lọ. Mo fi ìkánjú ra DDR2, kò wọlé, nítorí DDR ni ẹ̀rọ náà ń lò, ihò wọn ò sì bára mu. Owó àkọ́kọ́ yẹn jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá rí 1 GB tó bá a mu, ìṣẹ́jú méjì ò pé tó fi jí.

N kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì o. Láti ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún XP dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ́. Fọ́ǹtì Charis SIL, tí àmì ohùn máa ń jókòó dáadáa lórí lẹ́tà rẹ̀, orí fláàṣì ni mo gbé e gbà.

Lálaalẹ́ ni a wá ń jókòó sídìí rẹ̀. Bàbá mi á ka ìlà kan sókè, èmi á fàmì sí i. Ní ojú ìwé kẹfà, wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pè é lọ́nà mẹ́ta, wọ́n mi orí. "Màmá ì bá mọ èyí." A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìfàmì sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹrù tí a dì lé ẹ̀rọ yẹn lórí ló pọ̀ jù, kì í ṣe ogbó ló ń ṣe é. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì inú rẹ̀ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ ohùn ọ̀rọ̀ náà jókòó sí i kíákíá. Bí mo bá ti ṣe é lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ni, bóyá bàbá mi ì bá rántí.