Alẹ́ méjì láàárín àpáta: ibi ìpàgọ́ White Tank ní aṣálẹ̀ Kalifọ́níà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, bí a bá dárúkọ Amẹ́ríkà, ilé gíga àti iná mànàmáná ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì. White Tank ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Joshua Tree, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ó sì lé ní 200 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Los Angeles. Àwa àti ìdílé tí ó gbà wá lálejò ni a jọ lọ, àgbà mẹ́rin àti ọmọdé mẹ́ta, a sì sùn síbẹ̀ lóru méjì.

Aṣálẹ̀ méjì ni ó pàdé nínú ọgbà náà: Mojave ní apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 900 mítà lọ, àti Colorado ní ìsàlẹ̀. Obìnrin kan, Minerva Hoyt, ni ó fi ọdún púpọ̀ bẹ ìjọba kí wọ́n dáàbò bo ibẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń hú ewéko aṣálẹ̀ lọ gbìn sí àgbàlá wọn. Ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní 1936. Ní 1994 ni ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè.

Àyè ìpàgọ́ 15 ni ó wà ní White Tank. Tábìlì kan, ibi ìdáná onírin kan, àti ilẹ̀ yanrìn tí a lè pa àgọ́ sí, ohun tí àyè kọ̀ọ̀kan ní nìyẹn. Ṣáláńgá wà. Omi kò sí, iná kò sí, ọjà kò sí. Igi ìdáná pàápàá, láti ìlú ni a ti rù ú wá, nítorí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣa igi gbígbẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Omi ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù. Àwọn olùtọ́jú ọgbà sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lítà mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹni tí yóò rìn kiri sì ní ìlọ́po méjì. Ènìyàn méje ni wá: lítà 28 lóòjọ́, 84 fún ọjọ́ mẹ́ta. Bídọ́ọ̀nù oní-20 lítà mẹ́fà ni baálé ilé gbé wá. Ìyá ilé tò wọ́n sábẹ́ tábìlì, ó sì fi èédú sàmì sí wọn lára: èyí ti òní, èyí ti ọ̀la. Ife omi kan ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń fọ ọwọ́. A ti ka ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aṣálẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀ ni ó ti yé wa dáadáa ìdí tí wọ́n fi kùn sí Mósè nítorí omi.

Síbẹ̀, omi ni ó gbẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn àpáta ńlá roboto tí ó yí wa ká jẹ́ gíráníìtì. Ó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn tí òkúta yíyọ́ gbígbóná dìde, ṣùgbọ́n tí kò yọ síta. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó tutù sí, ó sì sán. Omi abẹ́ ilẹ̀ wọ inú àwọn ibi tí ó sán, ó jẹ igun wọn títí wọ́n fi di roboto. Lẹ́yìn náà ni àgbàrá gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí wọn. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní ka àpáta wọ̀nyí sí àjèjì.

Àwọn ẹ̀yà Serrano, Cahuilla àti Chemehuevi ti gbé níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní ibi púpọ̀ nínú ọgbà náà, ihò tí wọ́n fi ń lọ èso ṣì wà lára àpáta. Ìyá-ìyá wa ìbá mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìbéèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ inú wa pòórá. Àpáta jọ ara wọn. Bí ènìyàn bá yí igun méjì, kò ní mọ ibi tí òun ti wá mọ́. A pè é, ohùn wa ń padà wá láti gbogbo ìhà. Oòrùn ń wọ̀, òtútù sì ti ń mú. Kí a tó pa àgọ́, ìyá rẹ̀ ti so fèrè mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, ó ní: “Bí o bá ṣìnà, má rìn mọ́. Jókòó ti àpáta kan, fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, dákẹ́, kí o sì tún fun ún.” Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́ ni a gbọ́ ọ. Kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí ibi iná wa. Ó ní: “Ìyá mi, mo dúró bí ẹ ti wí.” Ìyá rẹ̀ kò nà án. Omi ni ó kọ́kọ́ fún un.

Ní òru náà, a jókòó pẹ́. Òkùnkùn ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àjọ tí ń dáàbò bo ojú ọ̀run òru fi fi ọgbà náà kún ibi tí wọ́n bọlá fún ní 2017. Ìràwọ̀ pọ̀ bí yanrìn. Àwọn ajá igbó tí wọ́n ń pè ní coyote ń ké lókèèrè. Ọmọkùnrin náà sùn sí ẹsẹ̀ baba rẹ̀, fèrè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe dandan kí a dé Amẹ́ríkà kí a tó lo ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá ń kó ọmọ lọ sí oko jíjìn tàbí sí ibi tí èrò pọ̀, ẹ jẹ́ kí a ka omi kí a tó jáde, kí a sì fún ọmọ ní òfin kan ṣoṣo tí kò gùn, tí yóò rántí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Òfin mẹ́wàá kò ní wá sí i lórí lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan yóò wá.